Ọwọ́ Tí Mo Fà Kúrò Lójú Bọ́ọ̀dù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìgbúròó mi láti ọjọ́ yìí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Ajah níbí, mo sì kí bàbá mi pẹ̀lú, kí wọ́n má baà ní ìyá nìkan lọmọ mọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ òrí. Mo mọ̀ pé ìdí ààrò lẹ wà ní àsìkò yìí, tí èéfín ń bọ́ sí yín lójú, tí ọwọ́ yín méjèèjì ń dán fún òróró. Wàsíù, àbúrò mi, ìwọ tó máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, mo kí ọ. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, kódà tó bá dé ibi tó le lẹ́nu rẹ. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Mo bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, kí ẹlòmíràn lè kà á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú tì yín, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan ni, mi ò sì rò pé mo lè sọ ọ́ lójú yín láéláé. Ẹ mọ̀ mí. Lọ́jọ́ yìgì mi, nígbà tí Lèmọ́mù bi mí bóyá mo gbà láti fẹ́ ọkọ mi, abẹ́ ìbòrí ni mo ti dáhùn, tí wọ́n ní kí n tún un sọ nítorí pé wọn ò gbọ́. Ìwé ò rí ojú ẹni. Òun ló jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi kí yín o. Ara rẹ̀ le. Mi ò tíì lè pe orúkọ rẹ̀ sókè di ìsinsìnyí. “Ẹ gbọ́ ná” ni mo fi ń pè é, á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè pe orúkọ, títí tí àwa méjèèjì á fi bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ táìsì náà ló ṣì ń ṣe, tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ àti sára ògiri láwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ ní apá Lẹ́kì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, tó bá sì padà dé, àpá sìmẹ́ǹtì á ti gbẹ mọ́ ọn lórúnkún. Owó ń wọlé, owó ń jáde, kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ebi ò pa wá, ẹ má sọkún.

Òjò ibí ni kò tíì mọ́ mi lára. Nílé, òjò á rọ̀, omi á sáré lọ sódò, ilẹ̀ á gbẹ. Níbí, omi ò mọ ibi tó fẹ́ gbà. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà wa bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Bíríkì ni wọ́n tò sójú ọ̀nà àdúgbò wa tí à ń gbà kọjá, tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ó di inú ẹrẹ̀. Àwọn ará ilé wa ò burú, wọn ò kàn ní àyè. Mo lè kí ènìyàn ní òwúrọ̀ kó jẹ́ pé orí ló máa fi dá mi lóhùn, fóònù wà létí rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu mi ò ní là títí ọkọ mi á fi dé. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rí iṣẹ́.

Mo ti sọ fún yín lórí fóònù pé ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, pé ara mi balẹ̀ níbẹ̀. N kò sọ ìyókù. Ilé ìwé aládàáni kan ni, nítòsí ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbà mí pé kí n máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké: kí n fọ ọwọ́ wọn, kí n nu imú wọn, kí n mú wọn lọ tọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é náà ni mo ń fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé Òyìnbó mi ò pọ̀. Mo á ní, “Ọwọ́ ti dọ̀tí, jẹ́ ká fọ̀ ọ́.” Mo á ní, “Gbé ẹsẹ̀ wá.” Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ẹni tó ni ilé ìwé náà, Mọ́dáàmù là ń pè wọ́n, gbọ́ wa lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní àwọn òbí ti ń ráhùn pé àwọn ọmọ wọn ò lè kí ìyá àgbà ní Yorùbá mọ́. Wọ́n ní kí n wá máa kọ́ iṣẹ́ tíṣà lábẹ́ Àǹtí Fúnkẹ́, olùkọ́ kíláàsì náà, kí n lè máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá.

Mo sọ fún wọn pé ìwé mẹ́ta girama ni mo kà dé, pé mi ò dé ìwé mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní tí mo bá lè dá kọ́ kíláàsì lójú àwọn òbí lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá wo ẹ̀kọ́, àwọn á fi mí sí ipò tíṣà, àwọn á sì rán mi lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kí n lè ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ìyá mi, mo sá wọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọ, mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀, mo fọ ojú, mo jáde. Èmi Ràṣídá, tíṣà.

Bọ́ọ̀dù wọn kì í ṣe irú èyí tí à ń fi èédú àti ewé kùn kó lè dúdú nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ìka lásán ni wọ́n fi ń kọ̀wé lójú rẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí eruku. Tí o bá tẹ àwòrán ewúrẹ́, ewúrẹ́ á ké. Tí o bá fi ìka fà á, á máa tẹ̀ lé ìka rẹ lọ. Tí o bá fẹ́ pa ohun tí o kọ rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ni wàá fi nù ún, bí ẹni nu òógùn lójú ọmọ. Ó tún ní kámẹ́rà kan lókè, ojú kékeré báyìí, tó ń ká ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì sílẹ̀. Ìyá ọmọ lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Erékùṣù kó máa wo ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

Wọ́n mú ọkùnrin kan wá láti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tó kàn mí, mo fi ìka kàn án bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ti gbóná. Bọ́ọ̀dù ò dáhùn. Ọkùnrin náà ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, pé kì í bu ènìyàn jẹ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọkọ mi nílé, ó ní táìsì ni, pé táìsì tó ń jẹ iná ni wọ́n fi ń ṣẹ̀rù bà wá, pé tí wọ́n bá ní kó ṣí kúrò lára ògiri, kí n pe òun.

Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kó mi sí wàhálà. Tí mo bá ń kọ̀wé, àfi kí n gbé ìdí ọwọ́ mi lé nǹkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà mi á máa gbọ̀n. Bọ́ọ̀dù yìí sì rò pé mo ń nu nǹkan ni. Mo á kọ “ojú”, kí n tó kọ “imú” tán, “ojú” ti pòórá. Àwọn ọmọ á máa pariwo, wọ́n rò pé idán ni. Àǹtí Fúnkẹ́ ní àfi bí ẹni pé mo so ewúrẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́, pé bí mo ṣe ń gbìn ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin mọ ìdí tí mo fi ń gbé ọwọ́ lé nǹkan, ìyá mi. Wàsíù ò mọ̀, wọn ò tíì bí i nígbà náà. Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fún mi. Òun ni mo ń nà sí ọmú yín, òun ni mo fi ń bu òkèlè. Ẹ ya etí ìró yín, ẹ fi dì í mọ́ mi lára nígbà oúnjẹ. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ẹ fi ata kùn ún. Tí mo bá gbàgbé, tí mo fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ ó gbá mi lẹ́yìn ọwọ́, ẹ ó ní, “Ọwọ́ ọ̀tún dà?” Ẹ máa ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ kì í pariwo. Ẹ ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ ní tí mo bá dé ilé ọkọ tí mo fi òsì gbé omi fún ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa bú, pé ẹ ò kọ́ mi. Ìfẹ́ ni. N kò ṣiyè méjì rẹ̀ rí. Ọwọ́ náà sùn, a sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé ìwé, tíṣà ní ìwé mi dà bí ibi tí adìyẹ tan. Mo gbà pé olódo ni mí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé sú mi, tàbí àìlówó. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán, mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu ojú bọ́ọ̀dù náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi di aṣọ mú. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo na ìka òsì, mo kọ “ìyá”. Ó dúró. Kò sí ohun tó jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọwọ́ òsì láti fara ti nǹkan, ó kàn ń fò lójú afẹ́fẹ́ bí ó ti wù ú. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Àyà mi ń já bíi tẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Mo tún kọ orúkọ mi, Ràṣídá, ó gún régé, bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Bọ́ọ̀dù yẹn ò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́ kíákíá.

Láti ọjọ́ náà, tí kíláàsì bá ti dá, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo á kọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, àwọn ọ̀sán yẹn nìkan ni kò ṣe mí bíi pé mo dá wà. Ọwọ́ òsì kọ́ ọwọ́ ọ̀tún pàápàá, tí òun náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé láìfara tì. Lójú ènìyàn, ọ̀tún ni mo ń lò. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, òsì ló ń gbé táìsì dúró tí ọ̀tún fi ń gbá a, pé òun ò tíì gbọ́ kí táìsì bínú. Ṣùgbọ́n ó ní kí n ṣọ́ra, pé àwọn òbí ò jọ táìsì.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́. Inú ọgbà àwọn olówó tí wọ́n ń pè ní VGC ni wọ́n ń gbé, níbi tí àwọn ọlọ́pàá géètì ti ń bi ènìyàn léèrè ibi tó ń lọ. Dírẹ́bà ló ń gbé e wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ojú ń tì í. Tí àwọn yòókù bá ń du bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn mi ló máa ń wà, á di etí síkẹ́ẹ̀tì mi mú. Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí kì í fi jáde lọ fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ó sọ sí mi létí pé bọ́ọ̀dù náà máa pariwo mọ́ òun. Mo ṣèlérí fún un pé tó bá jáde, èmi á dúró tì í. Mo mọ̀ ọ́n, ìyá mi, mo mọ ẹni tí mo ń wò. Mo sì ti rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń di pẹ́ńsùlù mú. Àǹtí Fúnkẹ́ ti sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀, pé ìyá rẹ̀ mọ̀, pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Mo gbọ́ ọ kedere. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ tí àwọn òbí wá, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n jókòó sí, lórí àga àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn tí kò rí àyè wá ń wò wá lórí fóònù. Ẹ̀yà ara ni ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn. Àwòrán ọmọ kan wà lójú bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tò sísàlẹ̀ rẹ̀: ojú, imú, etí, ẹnu. Ọmọ á jáde, á fi ìka fa ọ̀rọ̀ lọ síbi tó yẹ, bọ́ọ̀dù á pàtẹ́wọ́ fún un. Mo kọ̀wé, kò sí ohun tó parẹ́. Mọ́dáàmù ń mi orí. Mo ti ń rí ara mi ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́.

Mo wá béèrè ẹni tó máa fi etí hàn wá. Morẹ́nikẹ́ nawọ́. Àǹtí Fúnkẹ́ wò mí, mo wò ó. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ dìde, ó rìn wá síwájú gbogbo ènìyàn, ó wo ojú mi bóyá mo ṣì dúró tì í. Ó na ìka òsì, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà.

Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo rí ọwọ́ òsì lókè lójú àwọn àgbà, ọwọ́ mi sì ṣáájú orí mi. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á sílẹ̀, mo gbá a lẹ́yìn ọwọ́.

“Ọwọ́ ọ̀tún dà?”

Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni mo sọ ọ́. Mi ò pariwo. Ọ̀rọ̀ tó ń fà já bọ́, ó padà sísàlẹ̀. Bàbá àgbà kan lẹ́yìn ní mo káre, pé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wá gbé ojú sókè wò mí.

“Àǹtí, ó dọ̀tí?”

Yorùbá àkọ́kọ́ tó ti inú Morẹ́nikẹ́ wá fúnra rẹ̀ nìyẹn, tí kò jẹ́ pé mo ní kó pè é tẹ̀ lé mi. Èmi ni mo kọ́ ọ, nídìí omi ìfọwọ́. Mo ní rárá o, kò dọ̀tí, kó fi ọ̀tún ṣe é. Ó na ọ̀tún, ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nu ọwọ́ òsì mọ́ aṣọ, ó tún nù ún. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó, ó sì fi ìdí tẹ ọwọ́ náà mọ́ àga. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí dírẹ́bà fi dé.

Ìyá rẹ̀ ò sí lára àwọn tó wá. Orí fóònù ló ti wò ó. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló dé, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, mo ti ń retí èébú. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni wá jà. Ó ní láti àná, ọmọ òun ò fi ọwọ́ òsì kan ṣíbí, pé tí òun bá na ṣíbí sí i lọ́wọ́ náà, á gbé e pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí Mọ́dáàmù jẹ́ ká jọ wo ohun tí kámẹ́rà ká sílẹ̀. Ojú bọ́ọ̀dù yẹn náà ni wọ́n ti tàn án.

Ìyá mi, mo rí ara mi lára ògiri, mo tóbi ju bí mo ṣe tóbi lọ. Mo rí ọwọ́ mi tó jáde. Mo wo ojú ẹni tó ń gbá ọmọ náà lọ́wọ́, kì í ṣe ojú mi. Ojú yín ni. Bí ètè yín ṣe máa ń pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ bá ń kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi pọ̀. Mo ti ń ṣàárò ojú yín láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti máa rí i.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá Morẹ́nikẹ́ ní kí n dìde. Ó wò mí pẹ́, ó wo ọwọ́ mi. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Ta ló ṣe é fún ẹ̀yin náà?”

Ẹ ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo wo ilẹ̀ títí ó fi lọ.

Mọ́dáàmù sanwó mi pé, wọn ò bú mi. Wọ́n ní àwọn òbí mìíràn ti ń béèrè ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí mo kàwé dé. Nígbà tí ó ku àwa méjì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ìyá tiwọn náà fi ata kun ọwọ́ àbúrò wọn kan, pé kò sí ilé tí wọn kì í ti í ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa lọ. Àǹtí Fúnkẹ́ sìn mí dé géètì. Ó ní gbogbo wa la ti ṣe irú rẹ̀ rí, èmi ni kámẹ́rà rí. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Kò tù mí nínú. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ọmọ náà kí n tó lọ, ó ní wọn ò gbà. Ó ti pè mí lẹ́yìn náà. Ó ní Morẹ́nikẹ́ ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé báyìí, pé ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó padà sí òsì, kò gbà. Ó ní kì í jáde síwájú mọ́. Ó ní ọmọ náà béèrè mi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò béèrè mọ́.

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ yẹn. Ó máa sùn. Tó bá yá, á máa rò pé olódo lòun.

Ṣé ẹ rí i báyìí, ìyá mi? N kò fi yín sùn. Ẹ ò ní ìkà nínú, èmi náà ò ní. Ohun tí ìyá yín ṣe fún yín lẹ ṣe fún mi, mo sì gbé e wá láti òkè lọ́hùn-ún débí láìmọ̀ pé mo dì í sínú ẹrù. Ìyá Morẹ́nikẹ́ bi mí léèrè, mi ò lè dá a lóhùn. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn mi. Tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kó mọ̀ pé ẹni tó ṣe é fún mi fẹ́ràn mi púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti bọ́ nínú rẹ̀.

Mo ti ń jókòó sílé. Ọkọ mi gba táìsì funfun ńlá kan lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, èyí tó fọ́ létí tí wọn ò lè lò. Ó gbé e ti ògiri, ó ra bírò kan tó ṣeé nù kúrò, ó ní bọ́ọ̀dù mi rè é, pé òun ò ní kámẹ́rà láti fi sí i. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Tí mo bá ti dáná tán, mo á kọ ojú, imú, etí, ẹnu. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, ilẹ̀kùn sì máa ń wà ní ṣíṣí. Mo ṣì ń retí pé mo máa ka ìwé mẹ́wàá, àní bó tilẹ̀ pẹ́.

Ohun kan kù tí ojú ń tì mí láti sọ. Wàsíù, rọra kà á, kí o sì bojú wẹ̀yìn kó má sí àlejò. Ìyá mi, nǹkan oṣù mi ti dúró. Ọkọ mi ti mọ̀. Tí Ọlọ́run bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá wẹ ọmọ fún mi, pẹ̀lú òrí tí ẹ fọwọ́ yín pò. Mo rántí bí ẹ ṣe ń pò ó nínú ọpọ́n, tí ọwọ́ yín méjèèjì á wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, tí ẹ ò ní bi èyí tó jẹ́ òsì, títí ọ̀rá á fi funfun lójú omi. Ẹ̀bẹ̀ mi rè é. Tí ọmọ náà bá na ọwọ́ sí yín, èyíkéyìí tó bá nà, ẹ gbà á. Ẹ má bi í léèrè èyí tó kù.

Mo kí Bàbá mi, mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe òrí nídìí ààrò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná jó yín, kí ọjà yín máa tà, kí ẹ pẹ́ fún wa kí ẹ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Kí ojú wa tún rí ara wa pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Wàsíù máa sọ fún yín pé ọwọ́ ìkọ̀wé inú ẹ̀dà tí mo fi ránṣẹ́ sílé yìí gún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó rò pé mo bẹ ẹlòmíràn ni. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú sí i, ìyá mi, ẹ má fi pe àìní ẹ̀kọ́. Ọwọ́ tí ẹ dì mọ́ mi lára ni mo fi kọ ọ́, òun náà ló ń kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídá Àṣàkẹ́